Ohun Ẹlẹ́mìí Orí Kùkùté

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dá a sílẹ̀, èmi ni mo sì sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí èmi náà ń pè ní Màmá, ń gbé ní Joga-Orílé nínú ilé tí ọkọ rẹ̀ kọ́. Kí Bàbá tó kú, ó gé igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé, ó sì sọ kùkùté rẹ̀ di àga. Ibẹ̀ ló ti máa ń jẹ ẹ̀kọ tútù láràárọ̀. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀, nǹkan kan yọ lórí kùkùté náà. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi pupa ẹyin, ó rọ̀, ó ń dán, ó sì tẹ́ síbẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Màmá gbá a dànù. Ó tún yọ. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ti kúrò láàárín, ó wà ní etí kùkùté.

Màmá pè mí wá láti Ìlaró nítorí ó mọ̀ pé mo ní maikirosikóòpù. Táyà ni mo ń lẹ̀ jẹun. Mo ra maikirosikóòpù náà ní àlòkù lọ́wọ́ ẹnìkan tó gbé e gba ẹnubodè Ọjà-Ọ̀dàn wọlé. Faransé ni wọ́n fi kọ ìwé tó bá a wá. Ìwé bàọ́lọ́jì àwọn ọmọ girama ni mo fi kọ́ ara mi.

"Tíṣà tí kò ní kíláàsì," ló fi kí mi káàbọ̀. "Wá wo nǹkan tó ń rìn lẹ́yìn ilé mi."

Mo wò ó. Inú mi dùn débi pé n kò ro ohun tó fẹ́ jáde lẹ́nu mi.

"Màmá, ẹ má bẹ̀rù. Ohun ẹlẹ́mìí lásán ni."

Nínú ìwé tí mo kà, ohunkóhun tó bá ń jẹun, tó ń dàgbà, tó sì ń bí irú ara rẹ̀, ohun ẹlẹ́mìí ni: èèrà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, èmi alára. Àmọ́ létí opó, ohun tí mo sọ ni pé ẹ̀mí kan ló jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀.

"Ẹ̀mí ta ni?" ló bi mí.

Kó tó di ọ̀sán ó ti di ẹrù. Ó ti pe ọmọ rẹ̀ obìnrin pé kó wá mú òun lọ́la. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilé tí ènìyàn bá ti kúrò, ikán ló ni ín. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ yẹ nǹkan náà wò.

Mo ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe ewéko, nítorí kò lè fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ. Kò lẹ́nu, kò nífun, kì í ṣe ẹranko. Ó jọ olú, àmọ́ olú kì í rìn. Àwọn tó ń pín ohun ẹlẹ́mìí sí ìdílé-ìdílé pàápàá ti ń gbé e láti agboolé kan dé òmíràn. Ara tiwa dà bí ilé oníyàrá púpọ̀, yàrá kọ̀ọ̀kan sì ni sẹ́ẹ̀lì kan. Eléyìí jẹ́ gbọ̀ngàn kan ṣoṣo tí kò ní ìpínyà rárá.

Mo bu díẹ̀ sórí gíláàsì. Nínú àwọn iṣan rẹ̀, àwọn hóró kéékèèké ń sáré lọ sápá kan. Wọ́n rọra dẹwọ́, wọ́n dúró, wọ́n sì ń padà bọ̀. Mo ti kà nípa rẹ̀, síbẹ̀ mo tún un wò kí n tó pe Màmá.

Màmá fojú sí i, ó pẹ́ kó tó gbórí sókè.

"Ó ń mí," ló wí.

N kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo da kwékà, oúnjẹ ọkà gbígbẹ tí ìwé ní irú rẹ̀ fẹ́ràn, sí ẹ̀gbẹ́ kan kùkùté náà, mo sì kó òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo ní bó bá jẹ́ pé ebi ló ń lé e kiri, kwékà ni yóò lọ bá; bí kò bá mọ ìyàtọ̀, yóò nà sí méjèèjì bákan náà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí nídìí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó ti na ọwọ́ tín-ín-rín tín-ín-rín sí ìhà ilẹ̀kùn kíṣínì, ó sì bo nǹkan kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Mo lóṣòó wò ó. Ẹ̀kọ tútù ni, nínú ewé rẹ̀.

"Màmá, ta ló gbé ẹ̀kọ síbí?"

"Èmi ni. Ìwọ ń dán an wò, èmi náà dán an wò."

Mo sọ fún un pé ẹ̀kọ tutù ju kwékà lọ, ó ti kan díẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí tí nǹkan yìí ń jẹ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹrù rẹ̀.

"Pe àbúrò rẹ, ọmọ mi. Sọ fún un kó má wulẹ̀ wá mọ́."

"Ẹ̀rù ò bà yín mọ́?"

"Ẹ̀rù kí ni? Ẹni tó mọ oúnjẹ rẹ̀ kì í ṣe àlejò."

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, mo tọrọ díẹ̀ sórí bébà tútù. "Má kó o tán o," ló wí, ó sì dúró tì mí títí mo fi bù ú tán.

Ó ti gbẹ báyìí, ó le bí èépá ojú egbò. Ìwé sọ pé kò kú, omi ni yóò jí i. Orí pẹpẹ mi ló wà. Omi wà nílé, kwékà wà, obìnrin kan sì ń polówó ẹ̀kọ kọjá láràárọ̀. N kò tíì bu omi sí i, nítorí n kò mọ èwo nínú oúnjẹ méjèèjì ni mo fẹ́ kó yàn.