Àgbàlagbà Lórí Bẹ́ǹṣì Ọmọ Ilé-Ìwé

Màmá Tíṣà ti na ọwọ́ kí n tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. "Ó dà? Gbé e wá kí n rí i." Ìwé ìbéèrè ni wọ́n ń bèèrè. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bá kọ́ ló gbọ́dọ̀ mú ìwé ìbéèrè rẹ̀ wá tààrà láti gbọ̀ngàn ìdánwò, kó tó mu omi, kó tó bọ́ bàtà, kí wọ́n lè jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ti se ẹ̀wà dè wá, òórùn epo tó jóná díẹ̀ gba gbogbo iwájú ilé. Mo fi ìwé náà lé wọn lọ́wọ́, mo wá ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi.

Wọ́n gbé ìgò ojú wọn wọ̀, wọ́n kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n yí i padà, wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá tiwa wà níbẹ̀. Kò sí. Nínú gbogbo ìtàn kéékèèké àti ewì òyìnbó tí wọ́n ti ń kọ́ wa láti ìgbà ọyẹ́, ẹyọ kan kò jáde. Orúkọ àwọn ìwé tí a kò fojú kàn rí ló kún ibẹ̀. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ká ìwé náà, wọ́n dìde wọlé. Kò sẹ́ni tó bu ẹ̀wà náà títí tó fi tutù.

Ní Inísà, ilé wọn ló kọjú sí tiwa. Mi ò ní dárúkọ wọn, nítorí àwa náà kò pe orúkọ wọn rí. Màmá Tíṣà là ń pè wọ́n. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì kí n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì, àmọ́ àwọn èèyàn pàtàkì ìlú ló ti jẹ ẹgba wọn. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wa pàápàá, bí wọ́n bá pàdé rẹ̀ lójú títì, ohun tí wọ́n máa fi kí i ni pé, "Ìwọ yìí, ṣé o ti ń kàwé báyìí?" Bàbá náà á sì dọ̀bálẹ̀ tòun ti kóòtù lọ́rùn.

Lọ́dún tí mo dé kíláàsì àṣejáde, wọ́n gbé tíṣà tó ń kọ́ wa ní lítíréṣọ̀ lọ sí ìlú mìíràn, wọn ò sì fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ amòfin ni mo fẹ́ kọ́, ẹni tí kò bá sì yege nínú lítíréṣọ̀, yunifásítì kankan kò ní gbà á láti kọ́ iṣẹ́ náà. Ìyá mi, tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní ọjà Òkukù, ló lọ bẹ Màmá Tíṣà. Wọ́n gbà kí ìyá mi tó sọ̀rọ̀ tán. Ojú wọn dán lọ́jọ́ náà, ó dà bí ẹni pé wọ́n ti ń retí kí ẹnìkan wá pe àwọn padà sẹ́nu iṣẹ́.

Lẹ́yìn tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì mi méjì á jókòó yí wọn ká. Wọ́n á gbé ọpọ́n ẹ̀gúsí sí àárín wa, a óò máa bó o bí a ṣe ń kàwé, torí wọ́n ní ọwọ́ tó bá dilẹ̀ ló ń kọ́ orí ní oorun. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata wà ní ilé kejì. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún, a óò dákẹ́ títí yóò fi kú, èéfín rẹ̀ á sì dà pọ̀ mọ́ òórùn kánfọ̀ tó ń jáde lára àwọn ìwé wọn. Inú àpótí páànù ni ìwé wọ̀nyẹn ń gbé. Èèpo ẹ̀yìn wọn ti ya dànù, òwú ìránṣọ ni wọ́n fi rán wọn pọ̀.

Wọn kì í jẹ́ ká fi èdè òyìnbó dáhùn ìbéèrè kankan àfi bí a bá kọ́kọ́ fi Yorùbá ro ìtàn náà bí ẹni ń rò ó fún ìyá rẹ̀ nídìí ààrò. Wọ́n ní ẹni tí kò bá lè rò ó kò tíì kà á. Ìtàn kan wà nípa ọkùnrin tó ta ajá rẹ̀, tí ajá náà kò yé padà wálé. Ewì kan sì wà nípa obìnrin tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin. Nítorí pé ojú irin kò jìnnà sí wa, mo gbà nínú ọkàn mi pé mo mọ obìnrin náà. Bí mo bá ń kà á, ohùn Màmá Tíṣà máa ń wọlé sábẹ́ tèmi, wọn á máa kà á tẹ̀lé mi láìwòwé. Inú mi máa ń dùn.

Àwọn tó ń ṣètò ìdánwò máa ń pààrọ̀ ìwé lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan. Màmá Tíṣà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ìpààrọ̀ ti wáyé lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì, torí kò sẹ́ni tó wá sọ fún wọn. Lọ́jọ́ kan tí mo tẹ̀lé ìyá mi lọ sí Òkukù, mo rí ọmọbìnrin kan tí ó ń ka lítíréṣọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Ìwé ọwọ́ rẹ̀ kò jọ tiwa rárá, ó sì ní ìyẹn ni gbogbo wọn ń kà níléèwé àwọn. Nígbà tí à ń bọ̀ nínú mọ́tò, mo sọ fún ìyá mi. Ìyá mi wò mí títí.

"Ṣé ìwọ lo máa wá sọ fún tíṣà tó kọ́ ọ̀gá àgbà yín pé wọn ò mọ̀ ọ́n? Má dójú tì mí o."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kú sí. Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó. Ta ló fẹ́ wá sọ fún àgbà pé obì ẹnu rẹ̀ ti kọjá àsìkò? Lẹ́yìn ìdánwò la wá gbọ́ pé ọ̀gá àgbà náà mọ̀. Ó tilẹ̀ ti wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn láti sọ ọ́, ó dọ̀bálẹ̀, wọ́n bi í léèrè ìyàwó àtọmọ, ó sì padà sílé rẹ̀ láìsọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé ìdánwò náà, ìyá mi ń di ẹrù ọjà nígbà tí Màmá Tíṣà wọlé wa. Aṣọ tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi ni wọ́n wọ̀, gèlè wọn sì dúró dáadáa. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n di férémù ilẹ̀kùn mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ eékún wọn díẹ̀díẹ̀, eékún tó ń dùn wọ́n láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyá mi ju okùn sílẹ̀, ó sáré gbá wọn mú lábẹ́ apá.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. Àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ."

Ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n ń wò. "Mo fi ọdún ọmọ yìí ṣòfò," ni wọ́n wí. "Má bínú, ọmọ mi."

Ojú tì mí. Ìtìjú pé mo kùnà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Ẹni tí ìlú ń dọ̀bálẹ̀ fún ló ń bẹ ọmọ tó ṣì ń wọ yúnífọ́ọ̀mù. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà jáde kí àwa méjèèjì má bàa ṣe ojú kan ara wa. Àwọn náà kò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́.

Nígbà tí èsì dé, nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù ni mo ti yege, lítíréṣọ̀ nìkan ló dá mi dúró. Mo ti ń rò ó pé kí n kọ́ iṣẹ́ mìíràn. Àfi bí Màmá Tíṣà ṣe kan fèrèsé mi ní ọjọ́ Sátidé kan, tí wọ́n ní kí n wọṣọ, à ń lọ sí Ìkìrun. Wọ́n ti gbọ́ pé tíṣà kan ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀ ní àwọn ìwé tuntun. Nínú mọ́tò, wọ́n gbé báàgì wọn lé itan, wọ́n kọjú síta. Èmi náà ń wo ìta.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni tíṣà náà. Ó gbé àga tirẹ̀ wá fún wọn síwájú, wọ́n ní rárá. Ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì, láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n lè jẹ́ ọmọ-ọmọ wọn, wọ́n yọ bírò àti ìwé ìkọ̀wé jáde. Àwọn ọmọ ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn. Tíṣà náà ka ewì kan, ó béèrè ohun tí akéwì ń sọ. Màmá Tíṣà na ọwọ́ sókè. Wọ́n dìde, wọ́n sọ tiwọn ní èdè òyìnbó wọn tó mọ́ kedere.

"Bẹ́ẹ̀ kọ́ mà," ni tíṣà náà dáhùn. Òun fúnra rẹ̀ ń làágùn. "Ẹ má bínú mà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá."

Ẹ̀rín sọ láti ẹ̀yìn. Wọ́n jókòó jẹ́jẹ́. Omi lé ròrò sójú mi, mo wo ẹ̀gbẹ́, mo rí i pé wọ́n ti tún mú bírò wọn. Wọ́n rọra tẹ̀ sí etí mi.

"Ojú ń tì mí," ni wọ́n wí. "Kọ ohun tó sọ sílẹ̀."

A ò pa ọjọ́ Sátidé kankan jẹ títí ìdánwò mìíràn fi dé. Bí a bá ti padà sílé, wọ́n á ní kí n tún gbogbo rẹ̀ rò fún àwọn, bí mo bá sì rántí ohun tí wọ́n ti gbàgbé, wọ́n á ní, "O ṣeun." Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn kì í rọrùn fún mi láti gbà. Mo yege. Nígbà tí mo wọ yunifásítì, wọ́n ti padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, àmọ́ kí wọ́n tó gba ọmọ tuntun, wọ́n á kọ́kọ́ wọ mọ́tò lọ sí Ìkìrun láti lọ béèrè ìwé tí wọ́n ń kà lọ́dún náà.

Wọ́n ti re ọ̀run báyìí. Mo ti gbàgbé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ewì náà. Mo ti di agbẹjọ́rò, orí mi ti ń funfun, àwọn ọ̀dọ́ tó wà lọ́fíìsì mi sì máa ń dákẹ́ bí mo bá wọlé. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí n má purọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tó kéré jù nínú wọn dé ẹnu ọ̀nà mi pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ìwé ẹjọ́ kan tán, orí òfin tí mo ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni mo gbé e kà. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé, ó kí mi ẹ kú iṣẹ́ mà, ó sì yí padà.

Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Àyà mi já, nítorí mi ò mọ iye àwọn tó ti dé ẹnu ọ̀nà yẹn ṣáájú rẹ̀ tí wọ́n kí mi, tí wọ́n sì lọ. Mo pè é padà. Mo bi í bóyá òfin náà ti yí padà. Ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kó tó dáhùn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ti pẹ́ díẹ̀."

Ojú tì mí. Mo fa àga fún un, mo sì mú bírò.