Àgùntàn Tí Mo Hun Nígbà Tí Sòbìà Mú Mi

Ọ̀nà odò ni mo wà, ìkòkò omi lórí, Àdùkẹ́ ọmọ mi lẹ́yìn, nígbà tí ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo fi ẹsẹ̀ kejì họ ọ́, mo bá tèmi lọ. Nígbà tí mo fi dé abúlé wa lẹ́bàá Olódò, ó ti lé ròrò, ó ń jó mi bí iná.

Lọ́jọ́ kẹta, ibẹ̀ bẹ́, orí aràn funfun kan yọ síta, tín-ín-rín bí òwú. Sòbìà nìyẹn. Abẹ́ awọ ara ni aràn gígùn yìí ń gbé. Ibi tó ń gbà wọ̀ wá lára, ẹnikẹ́ni nínú wa ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní kí sòbìà tó degbò, olúgàǹbe là á ké sí. Ìyálé mi, tí wọn ò rọ́mọ bí, já ewé náà wá, wọ́n gún un mọ́ epo, wọ́n fi lé e. Wọ́n ká orí aràn mọ́ igi kékeré kan, wọ́n ní kí n máa yí igi náà lẹ́ẹ̀kan péré lójúmọ́.

"Má fà á o. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ta ni wọ́n ń wí fún? Ara mi kì í gba sùúrù, òwú sì ti là lóko. Lọ́jọ́ kẹfà mo di igi náà mú, mo fà á. Ó já.

Mi ò ní purọ́ fún yín, mi ò rí irú ìrora yẹn nígbà ìrọbí. Ìyókù aràn sún padà sínú ẹran ara, ẹsẹ̀ wú dé orúnkún, ibà gbé mi dè, ọyún ń jáde. Oṣù kan gbáko ni mo fi ń fìdí wọ́. Bí Àdùkẹ́ bá ti fẹ́ gun ẹsẹ̀ náà, igbe ni mo ń ké mọ́ ọn. Nígbà tó yá, kò wá sọ́dọ̀ mi mọ́. Ẹ̀yìn ìyálé mi ló ń sùn, ìyẹn sì dùn mí ju ẹsẹ̀ lọ.

Àfi bí sòbìà kejì ṣe yọrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ egbò. Ìyálé mi tún ká orí rẹ̀ mọ́ igi. Ẹ̀rù bà mí pé bí èyí náà bá já, n ò ní fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ mọ́, ọmọ mi á sì gbàgbé ẹ̀yìn mi pátápátá. Ìyàwó tíṣà ìjọ, ọ̀dọ́bìnrin tó máa ń bẹ̀ wá wò, bá mi níbi tí mo ti ń fọwọ́ tọ́ igi náà.

"Ọwọ́ yín ń wáṣẹ́," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká fún un níṣẹ́."

Ó gbẹ́ ọparun méjì tẹ́ẹ́rẹ́, ó kọ́ mi bí a ṣe ń fi wọ́n hun òwú láìsí òfì. Mo ní àgùntàn ni n ó hun fún Àdùkẹ́. Mo ṣòfin fún ara mi: ìlà mẹ́rin fún àgùntàn lójúmọ́, ìyípo kan fún sòbìà. Bí mo bá fún òwú jù, ọparun ò ní wọlé mọ́, màá tún tú u. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tú orí àgùntàn yẹn. Mo ki ẹ̀gbọ̀n òwú sí i nínú, mo rán an pa, sòbìà ò tíì tán. Mo bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀wù rẹ̀, pẹ̀lú òwú tí a pa láró.

Bàbá Àdùkẹ́ wò ó títí. Wọ́n ní, "Ẹ̀wù tèmi ti ya léjìká, àgùntàn ló ń wọ tuntun." Mo rẹ́rìn-ín, ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Ọjọ́ kan wà tí aràn náà ò sún rárá. Ọwọ́ mi ń yún mi láti fà á. Mo gbé apá ẹ̀wù, mo hun ún títí oòrùn fi wọ̀. Apá kejì ni mo ń hun nígbà tí ìrù sòbìà jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

Egbò jiná. Mo fi ọ̀pá rìn, mo ju ọ̀pá sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo bẹ̀rẹ̀, mo ní kí Àdùkẹ́ wá gùn mí. Ó fún àgùntàn rẹ̀ mọ́ àyà, ó wojú ìyálé mi.

"Ẹ̀yìn ìyá rẹ nìyẹn," ni wọ́n wí, wọ́n rọra tì í sọ́dọ̀ mi. "Lọ gùn ún."

Mo fi ọ̀já dè é, mo dìde. Ọrùn ẹsẹ̀ náà ò nà tán títí dòní, mo ń tiro díẹ̀, mi ò sì bá a jà mọ́. Ẹsẹ̀ náà gbé mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yíjú padà lọ́jọ́ náà, ìyálé mi ń fi etí ìró nu ojú. Mo tú ọ̀já, mo gbé ọmọ náà lé wọn lẹ́yìn padà, mo ní kí wọ́n bá mi pọ̀n ọ́n títí di ìrọ̀lẹ́.