Etí Òsì Àbáyọ̀mí

Ẹ má bi mí pé ta ló kọ́ Àbáyọ̀mí níṣẹ́ díjéè, torí kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ọdún tí wọ́n bí àkọ́bí rẹ̀, Túndùn, ló jókòó sídìí ẹ̀rọ orin ní kílọ́ọ̀bù Màdáámù Happiness ní Barnawa, ó sì lo ọdún mọ́kànlá níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni, àmọ́ Tudun Wada níbí, nílẹ̀ Hausa, ni wọ́n bí i sí. Bó bá fi Hausa ṣépè fún ẹ, wàá ṣe àmín.

Ọwọ́ rẹ̀ dùn nígbà náà. Bí orin kan bá ń lọ sópin, á ti mú òmíràn wọlé, ẹsẹ̀ oníjó ò ní mọ ìgbà tí orin yí padà. Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é? Ẹ́dìfóònù á bo etí kan, ìyẹn á máa gbọ́ orin tó ń bọ̀. Etí kejì á wà lóde, á máa gbọ́ èyí tí gbogbo ilé ń jó sí. Ọwọ́ á wá máa fa orin tó ń bọ̀ sẹ́yìn, á máa tì í síwájú díẹ̀díẹ̀, títí ìlù méjèèjì á fi bára rìn. Iṣẹ́ elétí méjì ni. Elétí kan ò lè ṣe é.

Etí òsì Àbáyọ̀mí sì ti ń kú láti ọdún 2007. Sípíkà gàgàrà tó wà lápá òsì àga rẹ̀ ló ń pa á díẹ̀díẹ̀. Dókítà kan yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní èyí tó lọ ti lọ, kó yáa tọ́jú ọ̀tún. Àbáyọ̀mí dúpẹ́, ó rún ìwé dókítà mọ́wọ́, ó jù ú sí gọ́tà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àní Kaosarah ìyàwó rẹ̀ pàápàá. Agídí! Ta ni ó fẹ́ sọ fún pé díjéè ti ń di adití?

Nígbà tó di 2009, orin bẹ̀rẹ̀ sí í tàpá síra wọn. Oníjó á gbẹ́sẹ̀ sókè, kò ní mọ ibi tó máa gbé e sí. Ni Màdáámù Happiness bá pè é, ó fi Hausa sọ ọ́ sí i lójú.

“Haba, Yọ̀mí! Orin rẹ ń jà. Oṣù kan ni mo fún ọ. Lọ tún ọwọ́ rẹ ṣe, kí o wá ṣe é níwájú mi lọ́sàn-án Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù. Bí wọ́n bá ṣì ń jà, Ephraim ni màá gbé àga yẹn fún.”

Ephraim ni díjéè tó ń bá wọn ṣe ọjọ́ Àìkú. Ọwọ́ tiẹ̀ ò dáńtọ́, àmọ́ etí rẹ̀ pé méjì.

Ẹ wá wo Àbáyọ̀mí o! Ó fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Etí ló ń ṣe é, ọwọ́ ló ń tọ́jú. Ó yá ẹ̀rọ síìdì méjì, ó tò wọ́n sínú yàrá, ó gbé ẹ́dìfóònù kúrò létí òsì sí ọ̀tún, òsì ló wá kù lóde. Lójoojúmọ́, bí Kaosarah bá ti kó aṣọ òkìrìkà rẹ̀ dé láti ọjà Kasuwan Barci, Àbáyọ̀mí á bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti so orin kan mọ́ òmíràn tán, á pariwo:

“Ìyá Túndùn! Ṣé wọ́n bára rìn?”

Kaosarah á rìn yí ká títí dé apá ọ̀tún rẹ̀. “Wọ́n bára rìn, Bàbá Túndùn. Ó dùn.”

Tẹ́lẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń dá a lóhùn. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń rìn yí ká bẹ́ẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, ọkùnrin yìí sì rò pé ọ̀wọ̀ òun ló pọ̀ sí i nínú ilé. Ara rẹ̀ yá gan-an lóṣù náà. Ó ń kọrin nílé ìwẹ̀.

Sátidé pé. Wọ́n ti da àga kílọ́ọ̀bù dojú dé orí tábìlì. Màdáámù àti Ephraim jókòó níwájú, Zuwera tó ń gbálẹ̀ wà nídìí ọtí. Àbáyọ̀mí fi orin kìíní sí i, ó fi ẹ́dìfóònù gbọ́ èkejì, ó mú un wọlé. Létí ọ̀tún rẹ̀, ó mọ́ gaara. Ó dijú, ó rẹ́rìn-ín, ó tún mi èjìká.

Nígbà tó lajú, Zuwera ti dá ìgbálẹ̀ dúró, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ephraim ń wo bàtà ara rẹ̀.

“Tún un ṣe,” ni Màdáámù wí.

Ó tún un ṣe. Ephraim ò lè wò ó mọ́, ó dìde, ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ náà, ó fa orin kejì sẹ́yìn bín-ín-tín. Létí Àbáyọ̀mí, ohunkóhun ò yí padà. Àmọ́ Zuwera tújú ká lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ń gbálẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ló ti yé Àbáyọ̀mí.

“Ó tó,” ni Màdáámù wí, ó sì fi Hausa kí i kú iṣẹ́. “Sannu da aiki.”

Nígbà tí Àbáyọ̀mí délé, Kaosarah ń ṣa òkúta inú ìrẹsì. Ó jókòó tì í.

“Ọjọ́ wo gan-an ni wọ́n bára rìn?”

Kaosarah gbé àtẹ sílẹ̀, ó rìn yí ká sí apá ọ̀tún rẹ̀.

“Kò sí ọjọ́ kankan, Bàbá Túndùn. Ojú rẹ ni mo máa ń wò, wallahi, kò ṣeé sọ.”

“O mọ̀ nípa etí yìí?”

“Láti ọjọ́ tí Túndùn ṣubú lápá òsì rẹ, tó ń ké ‘Bàbá mi,’ tí o ò yíjú.”

Ó fẹ́ bínú, inú kọ̀, kò bí. Ẹkún ló sun, àgbàlagbà ọkùnrin, níwájú àtẹ ìrẹsì.

Lọ́jọ́ kejì, kò sí àga kankan tó ń dúró dè é níbì kankan. Síbẹ̀ ó wọ yàrá lọ, ó so orin méjì pọ̀.

“Ìyá Túndùn! Ṣé wọ́n bára rìn?”

Kaosarah rìn yí ká.

“Rárá.”

Ó dá orin padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

“Báyìí ńkọ́?”

“Rárá, ọkọ mi.”