Ojú Màmá Lára Pátákó Ìbò

Inú ọkọ̀ elérò ni mo wà, tí mò ń bọ̀ láti Ìgbájọ, nígbà tí obìnrin tó jókòó tì mí fọwọ́ tọ́ mi léjìká.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kì í ṣe màmá yín nìyẹn?"

Mo wo ìta. Ní ibi tí ọ̀nà Ọ̀tan ti ń wọ Ìlá, wọ́n ti gbé pátákó ńlá kan ró, ó ga ju òrùlé ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Ọkùnrin tó ń du ipò alága káńsù ló dúró lápá ọ̀tún, ó wọ agbádá funfun, ó ń rẹ́rìn-ín. Màmá mi ló jókòó sórí àga oníke níwájú rẹ̀, ó wọ jígí ojú tuntun, ó gbé àgbọ̀n sókè. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ìsàlẹ̀ pé: "Ó ti la ojú ìyá wa. Yóò la ojú ìlú wa."

Màmá mi kò ríran.

Mo ní kí awakọ̀ dúró. Ó ní a kò tíì dé gáréèjì. Mo ní mo mọ̀, kó ṣáà sọ̀ mí. Mo bọ́ sílẹ̀, mo dúró lábẹ́ pátákó náà nínú oòrùn, mo ń wo ojú ìyá mi lókè níbẹ̀ bí ẹni pé ẹnìkan jí i gbé.

Èmi ni mò ń tọ́jú màmá. Tísà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ọkọ mi ti kú, ni mo bá padà sí ilé bàbá mi ní Ìlá kí màmá má baà dá gbé. Àbúrò méjì ni mo ní, ọ̀kan wà ní Èkó, èkejì wà lókè òkun. Ìgbà ọdún ni wọ́n ń wálé, tí wọ́n bá wá rárá. Awọ funfun kan ló ti ń bo ojú màmá díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di pé kìkì ìmọ́lẹ̀ ló ń mọ̀ yàtọ̀ sí òkùnkùn. Síbẹ̀, kì í jókòó lásán. Á bó ẹ̀gúsí láìtú u dànù, á mọ ẹni tó ń bọ̀ láti inú bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń dún nílẹ̀.

Nígbà tí ìpolongo ìbò bẹ̀rẹ̀, olùdíje yìí wá sílé wa. Ọmọ Ìlá ni, ṣùgbọ́n Èkó ló dàgbà sí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún màmá, ó jókòó tì í lórí àpótí kékeré, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó gbìyànjú láti sọ èdè Ìgbómìnà, ẹnu rẹ̀ kò gbà á. Màmá rẹ́rìn-ín, ó tún un sọ fún un bó ṣe yẹ, òun náà sì ń tẹ̀ lé e bí ọmọ ilé ìwé. Àwọn ayàwòrán ń yà wọ́n bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé jígí sójú màmá.

Ó ní, "Màmá, ẹ máa ríran. Jígí yìí kàn jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni. Iṣẹ́ abẹ la máa ṣe sí i. Mọ́tò ló máa wá gbé yín níwájú ilé yìí."

Màmá bi í pé, "Ìgbà wo nìyẹn, ọmọ mi?"

"Kò ní pẹ́, Màmá."

Jígí kì í ká awọ kúrò lójú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, màmá ní kí n bá òun di báàgì òun. Mo di ìró, bùbá, Bíbélì tí kò lè kà mọ́, àti pákò sínú rẹ̀. Ó gbé e sẹ́bàá ìlẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, bí ọkọ̀ kan bá ti dín eré kù níwájú ilé wa, á dáwọ́ ohun tó ń ṣe dúró, á ní, "Wò ó, ṣé àwọn ni?" Màá ní àwọn kọ́. Á tún máa bó ẹ̀gúsí lọ.

Ojú yìí náà ni wọ́n wá gbé sí oríta pé ó ti là.

Láti oríta, n kò lọ sílé. Ilé tí wọ́n ń lò fún ìpolongo ni mo gbà lọ. Olórí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wọn ni mo bá níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ, a sì jọ ń kọrin níbẹ̀.

Mo ní, "Ta ló fún yín láṣẹ láti gbé fọ́tò ìyá mi síta?"

Ó dìde, ó gbé àga fún mi. "Màmá Tísà, ẹ jókòó ná. Iyì ni fún ìdílé yín. Gbogbo Ìlá ló ń rí màmá báyìí."

"Màmá nìkan ni kò rí i."

Mo bi í pé iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣèlérí ńkọ́. Ó ní kí a jẹ́ kí àwọn wọlé ná, pé tí àwọn bá wọlé, màmá ni àkọ́kọ́.

Mo ní, "Ojú tí ẹ kò tíì là, ẹ ti kọ ọ́ fáyé kà pé ẹ ti là á?"

"Ọ̀rọ̀ ìpolongo ni, Màmá Tísà. Ẹ má gbà á sí ìbínú."

Mo gbà á sí ìbínú. Ìbínú náà ni mo gbé délé, tí mo fi ròyìn gbogbo rẹ̀ fún màmá. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Aṣọ wo ni mo wọ̀ nínú fọ́tò ọ̀hún?"

Mo ní àdìrẹ ni.

"Ṣé gèlè mi jókòó dáadáa?"

Mo jáde lọ sẹ́yìn ilé. Mo dúró níbẹ̀ títí ara mi fi rọlẹ̀, nítorí bí mo bá dá a lóhùn nígbà yẹn, n kò ní fi ẹnu ọmọ bá ìyá sọ̀rọ̀.

Ìròyìn kì í pẹ́ rìn ní Ìlá. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, olùdíje kejì ti gbọ́ pé mo lọ bínú ní ilé ìpolongo àwọn alátakò rẹ̀. Ó wá kí wa, ó mú oníròyìn rédíò kan lẹ́yìn. Èyí kì í ṣe ará Èkó, àdúgbò kejì sí tiwa ni wọ́n bí i sí. Ó ti ṣe kánsẹ́lọ̀ rí. Nígbà tó wà nípò náà ni wọ́n ti yàrá àyẹ̀wò ojú pa ní ilé ìwòsàn àdúgbò wa, tí wọ́n wá ń kó àga ìpàdé sínú rẹ̀. Ó gbàgbé. Èmi kò gbàgbé.

Ó ní, "Màmá Tísà, irọ́ ńlá ni wọ́n pa mọ́ yín. Ẹ kàn sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ yìí bó ṣe rí. Kí aráàlú gbọ́ ọ lẹ́nu yín."

Mo ní, "Bí mo bá sọ ọ́, kí lẹ máa ṣe sí ojú màmá?"

Ó tún ohùn ṣe. "Ìjọba tiwa ní ètò tó péye fún àwọn arúgbó."

"N kò bi yín nípa àwọn arúgbó. Ìyá mi tó jókòó síbí yìí ni mo bi yín."

Ó wo màmá bí ẹni pé ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ó ní, "Kò burú. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya fọ́tò kan pẹ̀lú wọn."

Mo ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Mo ní kí wọ́n máa lọ. Ó rò pé àwàdà ni, títí mo fi gbé bàtà rẹ̀ síta fún un.

Lọ́jọ́ ìbò, mo ti pinnu pé n kò ní dìbò fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì, pé kí màmá náà jókòó sílé. Màmá kò gbà. Ó ti wẹ̀, ó ti wọṣọ, káàdì ìdìbò rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fà á lọ́wọ́ dé ọgbà ilé ìwé tí a ti ń dìbò. Àwọn òṣìṣẹ́ pẹ́ kí wọ́n tó dé, oòrùn sì ti mú. Nígbà tó kan màmá, aṣojú ẹgbẹ́ kan sáré dìde.

Ó ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, àwa la máa bá wọn tẹ̀ ẹ́."

Mo ní, "Ìwọ kọ́ ni màmá máa yàn. Òfin ní ẹni tí kò ríran ló máa mú ẹni tó wù ú."

Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ariwo. Ọmọbìnrin tó ń darí ìdìbò náà ní òótọ́ ni mo sọ, kí ó padà sáyè rẹ̀.

A wọ ibi ìkọ̀kọ̀. Mo tẹ́ ìwé ìdìbò síwájú màmá. Ó sún mọ́ etí mi, ó dárúkọ ẹgbẹ́ ọkùnrin orí pátákó.

Mo rò pé n kò gbọ́ dáadáa. Ó tún un sọ. Ó ní, "Ẹni tó wá kí mi."

Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ mi, ìka rẹ̀ ti kan tàdáwà. Bí mo bá sún un díẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Òun gan-an kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n ìbò ìyá mi ni, kì í ṣe tèmi, àwọn tó ń fi ojú rẹ̀ ṣe ohun tó wù wọ́n sì ti pọ̀ jù tẹ́lẹ̀. Mo gbé ìka rẹ̀ síbi tó ní kí n gbé e sí, mo tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí a ń padà lọ sílé, mo ní, "Màmá, ẹ mọ̀ pé irọ́ ló pa fún yín."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ojú mi ló fọ́, inú mi kò fọ́."

"Kí ló wá dé?"

"Ó jókòó tì mí. Ó di ọwọ́ mi mú. Yàtọ̀ sí ìwọ, nínú àwọn ọmọ tí mo bí, ta ló ti di ọwọ́ mi mú láti ọdún tó kọjá?"

A rìn délé.

Ọkùnrin náà wọlé nínú ìbò ọ̀hún. Kíá ni wọ́n ti yọ fọ́tò oríta, wọ́n fi òmíràn síbẹ̀ láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ará ìlú. Òun nìkan ló wà nínú ìyẹn. Mo dúró títí wọ́n fi búra fún un, tó sì jókòó sórí àga. Mọ́tò kankan kò wá. Mo wọṣọ, mo lọ sí ọ́fíìsì káńsù, wọ́n ní ó ń ṣèpàdé. Mo dúró níta títí ó fi jáde, mo dúró sí iwájú mọ́tò rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, alága. Màmá ṣì ń retí mọ́tò yín."

Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó yíjú sí ẹni tó gbé báàgì rẹ̀, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi í pé ta ni obìnrin yìí.

Gẹ̀ẹ́sì náà ni mo fi dá a lóhùn. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un, mo sọ ẹni tí màmá mi jẹ́, mo sì sọ ohun tí òun náà jẹ́. Ohùn mi lọ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ fi jáde sí fàráńdà. Ó ní ètò iṣẹ́ abẹ ojú náà ti parí pẹ̀lú ìpolongo, pé kí n lọ kọ̀wé. Ó wọ mọ́tò, wọ́n yí gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá.

Nígbà tí mo délé, mo pe àwọn àbúrò mi lórí fóònù. N kò rojọ́ gígùn. Ọ̀rọ̀ tí màmá sọ fún mi lọ́jọ́ ìbò ni mo tún sọ fún wọn, bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ gan-an. Èyí tó wà lókè òkun ń sunkún. Èyí tó wà ní Èkó ní òun ń bọ̀. Ọjọ́ Sátidé, ó fúnra rẹ̀ wa mọ́tò dé, ó gbé báàgì màmá láti ẹ̀bá ìlẹ̀kùn, a sì jọ gbé màmá lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.

Dókítà ní ojú òsì ti pẹ́ jù, pé kò sí ohun tí àwọn lè ṣe sí i mọ́. Wọ́n ṣe ti ọ̀tún. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi dì í, àbúrò mi ló dúró síwájú màmá. Màmá wò ó, ó gbé ọwọ́ lé irun rẹ̀.

Ó ní, "O ti hewú."

Inú mi dùn, ṣùgbọ́n ìbínú mi kò lọ. Ojú òsì yẹn ń dùn mí títí di òní. Kí a tó pinnu ọjọ́ ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, olórí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ti wá. Ó ní alága gbọ́ ìròyìn ayọ̀ náà, pé ó fẹ́ bá wa dúpẹ́, kó sì bá ìjọ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ìlérí tó wá sí ìmúṣẹ.

Ẹnu mi ti ṣí. Màmá fọwọ́ kàn mí pé kí n dákẹ́. Ó wo obìnrin náà pẹ̀lú ojú kan tó là, kò sì yára.

Ó ní, "Sọ fún un pé mo ní kó wá. Kó jókòó lẹ́yìn bíi gbogbo èèyàn, kó kọrin, kó gbàdúrà, kó máa lọ. Kó má mú oníkámẹ́rà wá."

A ṣe ìdúpẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Kò wá.