Ẹ̀rọ Ẹ̀jẹ̀ Ríru Lápá Bàbá Mi

Ìgbà ọyẹ́ ni, ìpínlẹ̀ Kogí ṣì tuntun débi pé àwọn àgbà ilé wa ní Kàbà ṣì máa ń pe ara wọn ní ará Kwárà. Bàbá mi dákẹ́ láàárọ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ wá, ó fetí sí àyà rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú, ó ní ó ti lọ. Mùsùlùmí ni bàbá mi, àwọn àbúrò rẹ̀ sì ti ń gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé kí wọ́n lè sin ín lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ìyá mi, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ló ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé e.

"Kò kú," ló wí. "Ẹ wá wò ó."

Ó ti wé aṣọ ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ apá bàbá mi. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ láti òkè òkun. Ìyá mi tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ náà kùn, aṣọ náà wú, ó fún apá náà, nọ́ńbà sì yọ lójú ẹ̀rọ: ẹ̀jẹ̀ bàbá mi ga, ọkàn rẹ̀ ń sáré. Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tutù bí omi àmù. Orí mi wú.

Àbúrò bàbá mi kan tó wọlé wá wò ó ju ọkọ́ sílẹ̀. "Bí a bá sin alààyè ńkọ́?" ló bi wá.

Físíìsì ni mò ń kọ́ ní yunifásítì nígbà náà. Lónìí, fọ́nrán sílíkọ́nì, èròjà inú kọ̀ǹpútà, tí ojú lásán kò lè rí ni mo fi ń ṣiṣẹ́: bí a ṣe fà á tàbí bí a ṣe tẹ̀ ẹ́ ni iná mànàmáná ṣe ń rọ́nà gba inú rẹ̀ kọjá. Awẹ́ sílíkọ́nì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ náà. Bí iṣan bá ti ń lù, afẹ́fẹ́ inú aṣọ á tì í, á tẹ̀ díẹ̀, iná inú rẹ̀ á yí padà, ẹ̀rọ á sì sọ ọ́ di nọ́ńbà. Kò mọ ẹni tó tì í. Ṣùgbọ́n ta ló ń rántí ìwé lójú òkú bàbá rẹ̀? Ẹ̀rù bà mí bíi ti gbogbo wọn, títí mo fi rí ọwọ́ ìyá mi. Ó fún aṣọ náà mọ́ apá bàbá mi pinpin.

Mo tú aṣọ náà, mo wé e mọ́ iṣu kan tó wà nígun yàrá.

"Ìyé, ẹ dì í mú bí ẹ ṣe di Baba mú."

"Baba rẹ lo fẹ́ fi wé iṣu?" Inú bí i gidigidi, ṣùgbọ́n ó dì í mú. Mo tẹ bọ́tìnnì.

Iṣu náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọkàn rẹ̀ ń sáré.

Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yà fún mi. Àbúrò bàbá mi gbàgbé bàtà rẹ̀ sínú yàrá. Kò pa mí lẹ́rìn-ín. Èmi alára ò fẹ́ kẹ́yìn sí iṣu yẹn.

"Ọkàn ta wá nìyí?" ìyá mi bi mí.

"Tiyín ni, Ìyé, láti àtẹ́lẹwọ́ yín."

"Ó ń sáré o."

"Ó ń sáré."

Ó gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi, ó tún un wé mọ́ apá bàbá mi, ó dì í mú, ó ní kí n tẹ bọ́tìnnì. Ọkàn ìyá mi tún yọ láti apá ọkọ rẹ̀. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà òun fúnra rẹ̀ tún tẹ bọ́tìnnì, ó sì kó ọwọ́ méjèèjì lé itan ara rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kùn, ó fún apá náà, ó tú u sílẹ̀. Kò rí nǹkan kan kà.

Ó rọra tú aṣọ náà, ó ká a, ó sì ké sí àwọn tó wà lẹ́yìnkùlé pé kí wọ́n wọlé wá gbé ọkọ òun.