Bẹ́ẹ̀dì Tí Èèyàn Kì Í Sùn Lé

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Jos, tí à ń gbé Angwan Rogo, bẹ́ẹ̀dì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jẹ́. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ. Mo mọ ohun tí ẹ ń rò. Ohun tí àwọn àgbà ìgbà náà rò gan-an nìyẹn, òun ló sì dá wàhálà sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí ni àkọ́bí ilé wa, èmi ni àbíkẹ́yìn. Ìwé ni ó mọ̀. Kò mọ ọbẹ̀ sè, bí ó bá sì sè é, ńṣe ni a ó máa wo ara wa lójú. Ó ti gba oyè kan ní yunifásítì, ó tún padà lọ gba èkejì. Kọ̀ǹpútà kò tíì pọ̀ nígbà náà. Inú yàrá kan ni wọ́n ń tì í mọ́, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ amúlétutù fẹ́ ẹ lójú, bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ Jos ti ń mú àwa èèyàn gbọ̀n. Ìdí kọ̀ǹpútà yìí ni ẹ̀gbọ́n mi ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́.

Iṣẹ́ tí ó ń ṣe níbẹ̀ kò ṣòro lóye. Ẹ wo àrọ tí àwọn oníkẹrosíìnì fi ń rọ epo sínú ìgò: ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ tín-ín-rín. Ẹ jẹ́ ká sọ pé àrọ ńlá kan wà, tí ẹ da ọkà bàbà sínú rẹ̀, tí ẹ wá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná gba ihò ìdí rẹ̀ wọlé. Ọkà tó wà láàárín á tú sókè bí omi páìpù tó bẹ́, á ṣubú sí ẹ̀gbẹ́, á rọra yọ̀ wálẹ̀, á tún bọ́ sójú afẹ́fẹ́, á tún fò. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí títí tí yóò fi gbẹ, láìsí pé ẹnikẹ́ni sá a sí ẹ̀bá títì. Ẹ̀gbọ́n mi kò ní àrọ ńlá, kò sì ní ọkà. Inú kọ̀ǹpútà ló ti ń fi ìṣirò ṣe gbogbo rẹ̀: ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ máa gbà, ibi tí ẹyọ ọkà kọ̀ọ̀kan máa já sí, kí àwọn alágbẹ̀dẹ tó kan irin.

Orúkọ ni ẹ̀bi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òyìnbó tó sọ irú àrọ yìí lórúkọ wo gbogbo ayé yí ká, kò rí ohun tí ì bá pe òkìtì ọkà inú àrọ bí kò ṣe bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀dì tó ń tú sókè! Ṣé ẹ gbọ́ irú rẹ̀ rí?

Ìyá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ lọ́jà, kò lè pa ẹnu mọ́ bó bá dọ̀rọ̀ àkọ́bí rẹ̀. Ẹni tó bá ti kí i, yóò sọ fún un pé ọmọ òun ń kàwé lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn Hausa tí wọ́n jọ ń tajà sọ ọ́ ní Maman Gado, ìyá oníbẹ́ẹ̀dì, ó sì ń jẹ́ wọn lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. Káfíńtà kan ní Tina Junction tilẹ̀ wá sílé wa ní Sátidé kan. Ó kí ẹ̀gbọ́n mi kú oríire, ó ní kí ó jọ̀ọ́ wá bá òun wo bẹ́ẹ̀dì kan tí òun kàn fún oníbàárà, tó ń ké bí èèyàn bá yíra lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò mọ nǹkan kan nípa irú bẹ́ẹ̀dì bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà wò ó títí.

"To, ó dáa," ó ní. "Kí ni wọ́n wá ń kọ́ yín níbẹ̀?"

Ó bínú lọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ọ̀rọ̀ tí ìyá mi fi ń ṣe yàngàn rìn títí ó fi dé Anglo Jos, nílé bàbá ọkọ àfẹ́sọ́nà ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ Èkìtì ni bàbá náà, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n rán wá sí Plateau nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, tí kò sì padà sílé mọ́. Kì í rẹ́rìn-ín. Ohun tó dé etí rẹ̀ ni pé ọmọbìnrin tí ọmọ òun fẹ́ fi ṣaya ń lo ọ̀sán gangan lórí bẹ́ẹ̀dì, nínú yàrá tí wọ́n ń tì pa, àti pé olùkọ́ rẹ̀ ọkùnrin ló fún un ní iṣẹ́ náà ṣe. Ó ránṣẹ́ sí wa pé ká dá mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ dúró, ó di ìgbà tí ọmọ náà bá fi bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀.

Ìyá mi ká ọwọ́ lérí. "Haba! Fi gado yẹn sílẹ̀, ọmọ mi. Ṣé kò sí àga níbẹ̀ ni? Lọ kàwé lórí àga!"

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn àfẹ́sọ́nà rẹ̀ gidigidi, mo mọ̀, nítorí èmi ló máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún títí tí ọ̀rọ̀ náà fi sú mi. Ó sì fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n wá ní kí ó yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Ojú rẹ̀ pọ́n, omi lé ròrò sí i, àánú rẹ̀ sì ṣe mí bí mo tilẹ̀ jẹ́ ọmọdé.

"Mi ò ní fi í sílẹ̀," ó ní. "Kí Bàbá wá wò ó fúnra wọn."

Bàbá náà sì wá sí yunifásítì lóòótọ́, tòun ti fìlà, tòun ti ọ̀pá, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń tẹ̀ lé e jẹ́jẹ́ lẹ́yìn. Ìyá mi fà mí lọ́wọ́, àwa náà tẹ̀ lé wọn. Bí a ti wọ yàrá kọ̀ǹpútà náà, bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó wá nàró, ó wo ẹ̀gbọ́n mi.

"Níbo ni bẹ́ẹ̀dì ọ̀hún wà?"

Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ó nawọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà. "Òun nìyí, sà."

"Kí rèé?" Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju àwòrán àrọ kan lọ, àti àmì róbótó-róbótó tó kó jọ sí ìdí rẹ̀.

"Ọkà ni, sà. Ọkà ló ń sùn lé e. Èèyàn kì í sùn lé e."

Bàbá fa àga, ó jókòó. Ó ní òun á dúró kí ọkà náà jí.

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ nǹkan, kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ronú. Á kùn, á dákẹ́, àmì kan á sún díẹ̀, á tún kùn. Ìyá mi tú ẹ̀pà jáde nínú báàgì, ó pín in fún wa. Nígbà tó yá, ariwo kan bẹ̀rẹ̀, a rò pé ẹ̀rọ náà ti ń bàjẹ́ ni. Àṣé bàbá ni! Ó ti gbé orí sẹ́yìn, fìlà bò ó lójú, ó ń hanrun kíkankíkan. Ẹni tó wá wádìí oorun, òun nìkan ló sùn. Ìyá mi ki etí aṣọ bọ ẹnu kí ẹ̀rín má baà bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn. Àdúrà kí iná má lọ ló ń gbà.

Ìgbà tí bàbá máa fi tajì, ọkà ti ń tú. Ó fò gba àárín, ó fọ́n ká lókè, ó ń rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bàbá wọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó sún àga mọ́ ọn, ó nàka sí àmì kan ṣoṣo. "Èyí," ó ní, "èyí ni mò ń ṣọ́." Àmì náà gòkè, gbogbo wa ń wò ó. Ó dé téńté, ó fẹ́ yí, ó fẹ́ ṣubú, iná lọ.

"Kai!" Bàbá fọwọ́ gbá tábìlì. "Ọkà mi! Níbo ló ṣubú sí?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní kò sẹ́ni tó mọ̀, sà, bí iná bá dé, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ la ó ti tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi ní ká kúkú máa lọ, ká padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Bàbá ní kí ìyá ìyàwó máa lọ, òun kò tíì rí ibi tí ọkà òun já sí. A bá jókòó de iná. Bàbá yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Bí iná ṣe ń ṣe ọ́ lójoojúmọ́ nìyí, tí o sì ń tún un bẹ̀rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá wo ọmọ rẹ̀, tó fara ti ògiri, tó ṣì ń bó ẹ̀pà tí gbogbo wa ti jẹ tán láti àná ayé. Ó mí kanlẹ̀.

"Ẹni tó lè ní sùúrù fún nǹkan tí kò yára báyìí," ó ní, "á lè bá ọmọ mi gbé. Òun náà kò yára."

Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣe mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́ náà, wọ́n ṣe ìgbéyàwó, ẹ̀gbọ́n mi gba oyè rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ló sì ń se ọbẹ̀ títí di òní, ẹ bá wọn dúpẹ́.

Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi náà ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí báyìí, orí itan ló ń gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ sí. Láìpẹ́ yìí, ó fi fídíò ọkà rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí lórí fóònù, pupa àti búlúù, ó lẹ́wà lójú. Kí n tó rí gíláàsì mi, àwòrán àtàǹpàkò àti àtẹ́wọ́ ti kún ibẹ̀. Ẹnì kan kọ ọ́ pé ẹ kú oríire ilé tuntun. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí nìyí. Ayé yá nísinsìnyí, mi ò kọ̀, ṣùgbọ́n láyé ìgbà náà, bí ọ̀rọ̀ rẹ kò bá yé èèyàn, yóò bínú, yóò dé fìlà, yóò wá jókòó tì ọ́ títí yóò fi yé e. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí fún ọmọ náà. Mo pè é, mo ní kò yé mi o, kí ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ṣàlàyé títí fóònù fi gbóná sí mi létí. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò rántí pé ìyá òun ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi kí wọ́n tó bí òun.