Ìwé Rọ́kẹ́ẹ̀tì Tí N Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Fi Wé Àkàrà

Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí mo ṣì kéré, tí màámi ń din àkàrà ní Malu Road, ní Ajégúnlẹ̀, ìwé àtijọ́ la fi ń wé e fún oníbàárà. Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Àpápá ló ń kó o wá, a kì í sì í bi í pé níbo ló ti rí i.

Lọ́jọ́ kan, ó gbé ìdì kan dé tí àwòrán kún inú rẹ̀: ohun gígùn kan tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, tó ní lẹbẹ nídìí bíi ti ẹja. Bàbá kan tó ń bá wa gbélé, tó ti jagun ní Bọ́mà, wá ra àkàrà, ó bá kà á fún wa. Ó ní rọ́kẹ́ẹ̀tì ni. Ó ní àkọsílẹ̀ ìwádìí àwọn Jámánì nígbà ogun ni, àwọn tó ṣẹ́gun wọn ló kó o, tí wọ́n tú u sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n fi ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì náà nínú ihò òkè, pẹ̀lú ebi àti ẹgba, ọ̀pọ̀ ló sì kú síbẹ̀. Mo yẹ ìwé náà wò. Orúkọ àwọn ọ̀gá wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ, ti àwọn tó kú kò sí. Inú bí mi gan-an.

Kí màámi tó na ọwọ́ sí i, mo ti jókòó lé e.

“Dìde, àkàrà ń tutù!”

“Màámi, mi ò dìde o. Ẹ fi ewé wé e.”

“Small pikin, na paper you wan chop?” Oníbàárà kan ló sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Màámi gbá mi létí, mi ò mira. Nígbà tó sú màámi, wọ́n ra ewé eéran, wọ́n sì ń kùn títí àkàrà fi tán. Nígbà tí mo mú ìwé náà lọ sílé-ìwé, àwọn olùkọ́ mi náà béèrè pé kí ni ọmọbìnrin Ajégúnlẹ̀ fẹ́ fi rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe. Mo ní mo fẹ́ mọ̀ ni.

Ayé ti yí. Láìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ mi ṣí irú àkọsílẹ̀ yẹn lórí fóònù, ó mọ́ kedere, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó ní, “Grandma, ẹ jẹ́ ká da tiyín nù, ikán ti ń jẹ ẹ́.” Mo ní kò ṣeé ṣe! Òun náà ló fi hàn mí pé àwọn kan nínú àwọn ọ̀gá yẹn padà di ẹni iyì, tí ayé ń yìn. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Láyé tiwa, bí ìwé bá bọ́ sí wa lọ́wọ́, a ó dì í mú. Tiyín wà nínú fóònù ní àtẹ́lẹwọ́ yín, ẹ sì ń fi àtàǹpàkò tì í kọjá. Ẹ máa tì í. Ṣùgbọ́n bí mo bá kú, ẹni tó bá fẹ́ jogún yàrá mi yóò gba ìwé yìí mọ́ ọn, yóò sì máa sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ènìyàn ló kú sídìí iṣẹ́ náà. Ẹ má bá mi jiyàn.